Ojúlówó Yàtọ̀ sí Ohun Tí Ó Ń Dán

Sí Olóòtú,

Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ìpàtẹ àwọn ọkọ̀ àtijọ́, inú mi sì dùn pé ìwé ìròyìn èdè wa rí àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, níbi tí ẹ ti kọ ọ́ pé ojúlówó ni gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó gbapò kìíní nítorí pé kò sí àpá kankan lára rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí kò lápá, àfi kí adájọ́ fura sí i.

Mo ní ọkọ̀ ìjàpá kan, Volkswagen tí bàbá mi rà ní tuntun ní Èkó ní 1965. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbé e lọ síbi ìdíje, adájọ́ sì yọ máàkì mi ní ibi mẹ́ta: sítíárìn, bátìrì àti ríìmù.

N kò ní bá a jà lórí sítíárìn. Apá òsì títì ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wà nígbà tí bàbá mi rà á, òun ni ó sì ní kí wọ́n gbé e sọ́wọ́ òsì lẹ́yìn tí òfin yí padà. Ẹni tí ó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, tí ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i, yóò rí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n jó dí ojú ihò àkọ́kọ́. Bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá kọ́ nìyẹn, máàkì tí wọ́n yọ sì tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù lára ọkọ̀ náà. Ti bátìrì náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: fólùtì mẹ́fà ni iná rẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́ di méjìlá.

Ti ríìmù ni n kò lè gbà. Bọ́ọ̀tì márùn-ún ni ó di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú, adájọ́ sì ní bọ́ọ̀tì mẹ́rin ni òun mọ̀ mọ́ ìjàpá. Mo kúnlẹ̀, mo fi àkísà tí mo rì sínú kẹrosíìnì nu ẹrẹ̀ tó ti gan mọ́ inú ríìmù, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é sì yọ lára irin: 2, 65. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, mo fi nọ́ńbà ṣáàsí hàn án lórí irin tó la àárín ọkọ̀ kọjá. 115 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. 11 ń sọ irú ọkọ̀ tí ó jẹ́, 5 sì dúró fún 1965, ọdún tí ilé iṣẹ́ náà kà láti oṣù kẹjọ 1964 dé oṣù keje 1965. Adájọ́ wo nọ́ńbà, ó wò mí, ó ní òun ti fi ìwé máàkì sílẹ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí àwọn adájọ́ wa máa béèrè ni ìgbà tí ẹ̀yà kan dé ara ọkọ̀ àti ibi tí ó ti wá. Ohun kan lè jẹ́ ojúlówó, kí ó má jẹ́ àbíníbí. Láti 1967 ni Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìjàpá tí iná iwájú rẹ̀ nàró ṣánṣán dípò èyí tí ó dẹ̀ sẹ́yìn; bí ẹnì kan bá wá fi irú iná bẹ́ẹ̀ sára ọkọ̀ 1965, ilé iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni ó ń pa lórí ọkọ̀ yẹn. Ẹ tún wo ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Igala, tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1975. Ọkọ̀ Brasília tí Volkswagen ti Brazil ṣe ni. Adájọ́ tí ó bá ń wá àmì Jámánì lára rẹ̀, tí ó rí Potogí, èdè àwọn ará Brazil, tí ó wá yọ máàkì, ṣe àbòsí fún ọkọ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Bí iyèméjì bá sì wà lórí èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì, ilé àkójọ ọkọ̀ Volkswagen ní Wolfsburg máa ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọkọ̀ àti àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi náà. Bọ́ńpà iwájú tí ó bá ọkọ̀ náà wá ti dógùn-ún, mo sì fi í tọrẹ fún onírin kan, mo ra àfarawé tí ó fúyẹ́, tí ó ń dán bíi dígí. Máàkì kíkún ni adájọ́ náà fún un. Bí ẹ bá mọ àwọn tí ń ṣètò ìdíje wọ̀nyí, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n gba máàkì bọ́ńpà padà, kí wọ́n sì fún mi ní ti ríìmù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Ìbàdàn