Lẹ́tà sí Àkànní lórí Eṣinṣin Àtọwọ́dá

Àdátán,
Abẹ́òkúta.

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn láti gbọ́ pé ara ìyàwó rẹ ti yá, àti pé òtútù Maryland ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í mú yín. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Òjò ṣì ń rọ̀, odò Ògùn sì ti kún bo ẹsẹ̀ àwọn igi etídò níhà Lafẹ́nwá, omi rẹ̀ sì pọ́n débi pé kò sí ẹja tó lè rí ohunkóhun nínú rẹ̀. Irú àsìkò yìí gan-an ni àwa máa ń jókòó sílé láti di ìwọ̀ sílẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè rẹ fi bá mi nídìí iṣẹ́ náà.

O ní àwọn ṣọ́jà àná tó wà ládùúgbò rẹ pè ọ́ pé kí o wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwú so ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ kí ó lè jọ kòkòrò lójú ẹja, èyí tí wọ́n ń pè ní eṣinṣin àtọwọ́dá, o sì bi mí tẹ̀ríntẹ̀rín bóyá iṣẹ́ tó yẹ àgbàlagbà nìyẹn, pàápàá ẹni tó ti gbé ìbọn ní Ìráàkì. Èmi kò ní fi ẹ̀rín dá ọ lóhùn. Iṣẹ́ àgbàlagbà ni, mo sì fẹ́ kí o lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èrò náà kúrò lọ́kàn rẹ pé ohun ìṣeré tí àwọn aláfẹ́ Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ ni. Ó ti tó nǹkan bí 1,800 ọdún tí òǹkọ̀wé ará Róòmù kan ti ṣàlàyé bí àwọn ará Masidóníà ṣe ń wé òwú pupa mọ́ ìwọ̀, tí wọ́n sì ń fi ìyẹ́ méjì láti abẹ́ ọ̀fun àkùkọ kún un. Ọ̀pá wọn gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, okùn wọn sì gùn tó ọ̀pá náà. Ní Maryland tí o wà yìí ni wọ́n bí Lefty Kreh sí ní 1925, ọkùnrin tó ja Ogun Àgbáyé Kejì ní Yúróòpù, tó sì la ìjà ńlá inú òjò dídì ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kọjá, kí ó tó padà wálé di ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ nídìí irú ẹja pípa yìí. Ọ̀kan nínú àwọn eṣinṣin tó dì, Lefty's Deceiver, wà lórí sítáǹpù tí ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1991. Ṣọ́jà ni òun náà, bíi tìrẹ.

Bí ó bá jẹ́ pé Project Healing Waters, ẹgbẹ́ tó ń fi ẹja pípa ran àwọn ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́, ni àwọn tó pè ọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń fura sí i, ó dára kí o mọ orísun wọn. Ní 2005 ni ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ed Nicholson, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní Walter Reed ní Washington, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó fara gbọgbẹ́ ní Ìráàkì àti Afganísítàánì ti ń gba ìtọ́jú nígbà náà. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń kọ́. Nítorí náà, má tún sọ fún mi pé ò ń wo àpò rẹ.

Tiwa níbí kò ní orúkọ, kò sì ní alága. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Ọ̀gá Sájẹ́ńtì Méjọ̀ ni a máa ń jókòó sí. Nígbà tí bàbá náà lọ kí ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ìlú Ọba ló rí fáìsì kékeré kan, irin tó ń fún ìwọ̀ mú pinpin kí èèyàn lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, lórí tábìlì àna rẹ̀, ó jókòó tì í, kò sì dìde títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, fáìsì kan wà nínú ẹrù rẹ̀. Àwọn wẹ́dà ìsàlẹ̀ òpópónà wa ti wo tirẹ̀ ṣe òmíràn fún wa, àwọn fáìsì náà sì ń di ìwọ̀ mú dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò dùn ún wò. Ọ̀gá wà lára àwọn ọmọ ogun tí Nàìjíríà rán lọ pẹ̀tù síjà ní Lẹ́bánónì láàárín 1978 sí 1983. Èmi àti àwọn mélòó kan lọ sí Làìbéríà pẹ̀lú ECOMOG, àpapọ̀ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó kéré jù láàárín wa sì ti ìhà Borno dé. Ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, kọ́púrà kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, kò ní ìka mẹ́ta mọ́ lọ́wọ́ òsì. Òun ló mọ̀ ọ́n dì jù nínú gbogbo wa.

Má ṣe rò pé mò ń pọ́n ọn láti fi ṣàánú rẹ̀. Bí àwọn irinṣẹ́ iṣẹ́ náà ṣe rí ló fún un láyè. Fáìsì ló ń di ìwọ̀ mú, kì í ṣe ọwọ́. Òwú wà nínú bọ́bìnì kan tó wúwo díẹ̀, tó ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu. Bí o bá fi í sílẹ̀, yóò máa rọ̀ dirodiro lábẹ́ ìwọ̀, ìwúwo rẹ̀ yóò sì máa fa òwú náà le, kò ní tú. Ẹni tó ní ọwọ́ kan lè fi bọ́bìnì sílẹ̀, kí ó mú ìyẹ́, kí ó gbé e sáyè rẹ̀, kí ó sì tún padà mú bọ́bìnì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè dúró kí gbígbọ̀n náà rọlẹ̀, iṣẹ́ kò sì ní bàjẹ́ dè é. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí mo mọ̀ tó ń dúró de èèyàn báyìí.

Òfin kan ni Ọ̀gá ṣe fún wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ohun tó wà nínú fáìsì ẹlòmíràn. O lè fi ẹnu júwe, o lè di tìrẹ kí ó máa wò ọ́, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ bá a parí rẹ̀. Àkànní, òfin yìí ló mú kí n máa lọ síbẹ̀. Ìwọ náà mọ bí ilé ṣe ń rí fún ẹni tó ti ogun bọ̀ pẹ̀lú àpá lára. Àwọn ọmọ yóò gba báàgì lọ́wọ́ rẹ, ìyàwó yóò bá ọ ṣí ìdérí ìgò, àlejò yóò ní kí o jókòó kí òun lọ bu omi wá. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bínú sí i, síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ìfẹ́ náà ń gba gbogbo nǹkan kúrò lọ́wọ́ èèyàn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ọ̀gá tó ti pàṣẹ fún ọ̀gọ́ọ̀rọ̀ ọmọ ogun yóò máa làágùn lórí ìyẹ́ kan ṣoṣo, kọ́púrà yóò sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, yóò ní, “Ẹ tú u, sà, ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀,” kò sì sí ẹni tí yóò na ọwọ́.

A kì í sọ̀rọ̀ ogun púpọ̀ níbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tó ń falẹ̀ ni a máa ń sọ jù, àti eré bọ́ọ̀lù. Nígbà mìíràn, ẹnì kan lè sọ ohun kan tí kò sọ rí, láìgbójú kúrò lára ìwọ̀ rẹ̀. A ó gbọ́ ọ, a ó sì máa wé òwú wa lọ. Èmi kò sọ pé ó ń wo èèyàn sàn. Àwọn tí kì í rí oorun sùn dáadáa ṣì wà láàárín wa, ìtọ́jú dókítà sì ni wọ́n ń gbà fún un, bí ìwọ náà ṣe gbọ́dọ̀ máa gba tìrẹ nìṣó.

Ní ti iṣẹ́ náà gan-an, èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ, bí wọ́n bá gbọ́n, ni Woolly Bugger, tí Russell Blessing ará Pennsylvania, ìpínlẹ̀ tó bá tiyín pààlà, dì ní 1967. Ìwọ̀ gígùn ló ń lò. O ó kọ́kọ́ wé òwú mọ́ ọ̀pá ìwọ̀ láti ẹ̀yìn ojú rẹ̀, ihò tí okùn ń gbà wọlé, títí dé ibi tó ti tẹ̀, nítorí irin lásán a máa yọ̀, ohunkóhun tí o bá so mọ́ ọn yóò sì máa yí kiri. O ó wá so ìyẹ́ rírọ̀ tòlótòló sí ìdí rẹ̀ kó di ìrù, kó gùn tó ọ̀pá ìwọ̀ náà. Ìrù yìí ló máa ń jó nínú omi. Lẹ́yìn náà ni o ó fi òwú onírun wé ara rẹ̀, tí o ó sì yí ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ká a láti ìdí dé orí, kí àwọn fọ́nrán rẹ̀ lè nà jáde bí ẹsẹ̀. Ẹja lè rò pé ìdin ni, tàbí ọmọ ẹja, tàbí edé; ohun tó bá wù ú ni kó pè é.

Ibi tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọ ti máa ń há sí ni orí. Wọn a ti kó ìyẹ́ àti òwú kún iwájú débi pé kò ní sí àyè mọ́ lẹ́yìn ojú ìwọ̀ láti parí iṣẹ́, okùn kò sì ní ríbi wọlé. Fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ju bí o ṣe rò pé o nílò lọ. Máa fa òwú rẹ le nígbà gbogbo, nítorí òwú tó dẹ̀ a máa tú bí gèlè tí wọn kò fún. Ní ìparí, o ó ká òwú náà lé ìdí ara rẹ̀ nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, o ó fà á gba abẹ́ àwọn ìká náà, o ó gé e, o ó sì kán kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ sí i kó gan. Wọ́n lè fún ọ ní ohun tó wọ́n ju kútẹ́ẹ̀sì lọ fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n èmi kò rí ìyàtọ̀ nínú méjèèjì. Ìwọ̀ nọ́ńbà 8 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i, nọ́ńbà 14 sì wà lára àwọn nǹkan tí ọwọ́ àgbàlagbà kò fi wọ akèrègbè.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni wíwá èlò. Àwọn ará ọ̀dọ̀ yín yóò máa ra ìyẹ́ nínú ọ̀rá; ọjà Kútọ̀ ni àwa ń lọ, sọ́dọ̀ àwọn tó ń pa adìẹ. Ìyẹ́ adìẹ àgírííkì kò wúlò, nítorí wọ́n máa ń pa á kí ìyẹ́ rẹ̀ tó gbó. Àkùkọ ìbílẹ̀ tó ti pẹ́ láyé, tó ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà dáadáa, ni ọrùn rẹ̀ ní ìyẹ́ tó le, tó sì ń tàn. Ìyẹ́ awó aláàmì funfun dára fún ẹsẹ̀ kòkòrò, ti àparò tí a ń gbà lọ́wọ́ ọdẹ dára fún kòkòrò pupa rúsúrúsú, wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rédíò tó ti kú sì ni èmi, ọmọ iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ń fi dè wọ́n kí wọ́n lè rì. A máa ń fi ọṣẹ fọ ìyẹ́, a ń sá a síbòji, a sì ń kó káńfọ̀ tì í nítorí kòkòrò. Ìyá aláró kan ní Ìtokú tilẹ̀ gbà kí a ti ìyẹ́ funfun bọ inú ìkòkò ẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń wo àwa àgbààgbà bí ẹni tí orí wa kò pé. Kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀ ṣá o: omi eérú inú aró a máa jẹ ìyẹ́, bí kò tilẹ̀ ṣe aṣọ ní nǹkan kan.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò Ọ̀yán, tí wọ́n parí ìsédò rẹ̀ ní 1983, ni a máa ń lọ jù. A ní ọ̀pá òyìnbó díẹ̀, èyí tí okùn nípọn rẹ̀ ló ń gbé eṣinṣin lọ, nítorí eṣinṣin fúnra rẹ̀ fúyẹ́ ju ohun tí èèyàn lè jù. Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń lo ọparun, pẹ̀lú okùn tó gùn tó o, bíi ti àwọn ará Masidóníà ìjelòó. Epìyà tó ń ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀ a máa lé ohunkóhun tó bá bọ́ síbẹ̀, àrọ̀ sì fẹ́ràn Woolly Bugger dúdú ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn apẹja tí wọ́n fi ẹja pípa ṣe iṣẹ́ òòjọ́ máa ń fi wá rẹ́rìn-ín, nítorí àwọ̀n wọn ń kó ohun tí àwa kò lè rí ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí a kì í ṣe ni wíwọ inú omi bí ẹ ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún. Àtọ̀sí ajá wà nínú omi náà, èyí tí aràn rẹ̀ ń ti ara ìgbín kéékèèké inú omi jáde wọ awọ ara èèyàn. Etí bèbè tàbí inú ọkọ̀ ojú omi ni a máa ń dúró sí.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, lọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ, kí o sì kọ̀wé sí mi nípa ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ àti irú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bí ọmọ rẹ bá ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì, fi ìwọ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ gùn, nọ́ńbà 6 àti 8, rán an sí mi. Èyí tí a ń rí rà níbí máa ń tètè dípẹtà. Fi Woolly Bugger àkọ́kọ́ tí o bá dì kún un, bó ti wù kó rí, kí kọ́púrà lè wò ó. Òun ni kò ní purọ́ fún ọ.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ìyá mi ní kí n kí ọ, ó sì ní kí o máa jẹun dáadáa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjàní.