Sí Bọ́láńlé, Nípa Ajá Tí Kò Lè Dá Nìkan Wà Nílé

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú.

Bọ́láńlé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Cardiff ní Wales o, o sì kú ìtọ́jú Tanímọ̀la ajá rẹ. Mo wo fídíò ohun tó ń ṣe nígbà tí o bá jáde, èyí tí o fi ránṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì tún un wò. Kí n tó sọ ohun mìíràn, mọ èyí dájú: ajá yẹn kò ya pòkíì, kì í sì í gbẹ̀san lára rẹ pé o fi òun sílẹ̀ jáde. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù gidi.

Wo ohun tó ń ṣe. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí o ti ilẹ̀kùn tó ti ki imú bọ àlàfo abẹ́ rẹ̀, tó ń gbóòórùn rẹ. Ó lọ sójú fèrèsé, ó padà, ó tún lọ. Ó ń mí gúlegúle nínú ilé tí kò gbóná. Nígbà tó máa fi di ìṣẹ́jú kẹrin, itọ́ ti rin àyà rẹ̀, ó sì ti ń fi èékánná ha ìdí ilẹ̀kùn. Adìyẹ tí o gbé kalẹ̀ fún un wà níbẹ̀, kò fẹnu kàn án títí o fi dé. Ajá tó kàn ń wá nǹkan ṣe kì í ṣe báyìí. Irú èyíinì á kọ́kọ́ jẹun, á sùn, tó bá wá di wákàtí kejì á wá bàtà fà ya, ara rẹ̀ á sì balẹ̀ bó ṣe ń fà á. Ti Tanímọ̀la, ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé nìkan ló ń bàjẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ènìyàn ń gbà jáde.

Ní ilé ìwòsàn ẹranko wa níbí, a kì í sábà rí irú rẹ̀, nítorí agboolé kì í dá. Ìyá àgbà wà níwájú ilé, àwọn ọmọdé ń sáré kiri, ajá ń rí ojú ènìyàn látàárọ̀ dalẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé fi ń sọ fún ọ pé o ti kẹ́ ajá náà bà jẹ́. Má dá wọn lóhùn. Ajá tí wọ́n tì mọ́ fúláàtì fún wákàtí méjìlá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kí o sì mú fídíò náà dání. Títọ̀ tó ń tọ̀ sílẹ̀ lè jẹ́ àrùn ọ̀nà ìtọ̀, ìrora oríkèé tàbí ti inú sì máa ń mú kí ẹ̀rù tètè ba ajá. Ro ó wò pẹ̀lú, bóyá ìgbà tí wọ́n ń yin àwọn iná aláriwo oṣù Kọkànlá sókè lọ́hùn-ún ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ fún dókítà, nítorí ẹ̀rù ariwo ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Èyí tó le jù lọ ló ṣe pàtàkì jù: láti òní lọ, má fi í sílẹ̀ nìkan kọjá ìwọ̀n tí ara rẹ̀ gbà. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rù yẹn bá dé góńgó, ńṣe ló tún ń fi yé e pé òótọ́ ni, ewu wà nínú kí ènìyàn jáde. Egbò tí à ń ṣí èépá rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í jinná. Bí o bá kọ́ ọ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá láàárọ̀, tí o wá lọ síbi iṣẹ́ títí di alẹ́, iṣẹ́ àárọ̀ yẹn ti ṣòfò. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni ọ́, o ò sì lè jókòó sílé. Nítorí náà, jókòó ti rósítà rẹ, kí o wá ẹni tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá lọ́sàn-án, aládùúgbò tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ yunifásítì tó fẹ́ ibi ìdákẹ́jẹ́ láti kàwé. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìwọ fúnra rẹ. Ọ̀pọ̀ ajá tí ẹ̀rù yìí ń bà, ènìyàn kan ṣáá ni wọ́n ń wá. Dán an wò: jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó tì í, kí o jáde, kí o máa wò ó lórí fóònù. Bó bá dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹrù ti fúyẹ́ lórí rẹ.

Má sì rò pé bí ara rẹ̀ bá yá tán, yóò lè dá wà fún wákàtí méjìlá. RSPCA tiwọn, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko lọ́hùn-ún, náà sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ajá sílẹ̀ nìkan ju wákàtí mẹ́rin lọ, ajá tí ara rẹ̀ dá sì ni wọ́n ń sọ. Owó ẹni tí yóò máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án yóò wà nínú ìnáwó rẹ níwọ̀n ìgbà tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ.

Ẹ̀kọ́ náà wá nìyí. Fóònù méjì ni wàá lò. Gbé ọ̀kan síbi tó ti lè rí ẹnu ọ̀nà, fi í pe ìkejì ní fídíò, kí o sì pa ohùn rẹ̀ kí ìró tìrẹ má baà dé inú ilé. Jáde, kí o dúró lórí àtẹ̀gùn. Má dúró de gbígbó. Kí ajá tó gbó, ara rẹ̀ á ti sọ̀rọ̀: á máa lá imú, á yán nígbà tí oorun kò kùn ún, etí rẹ̀ á lọ sẹ́yìn, á gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kó máa bọ̀. Ìgbà tí àmì àkọ́kọ́ bá yọjú ni kí o kọ sílẹ̀, kí o sì wọlé kíá. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 20, láti ibi 10 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé bí o ṣe di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú ló ti dìde, á jẹ́ pé ọwọ́ ilẹ̀kùn ni ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Fọwọ́ kàn án, padà jókòó. Lọ́jọ́ mìíràn, yí i, má ṣí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣí i, pa á dé. Ìgbà tí ìyẹn kò bá jọ ọ́ lójú mọ́ ni kí o tó gbé ẹsẹ̀ kan síta.

Ìjáde márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ajá náà ń sinmi, ìwọ náà ń sinmi. Má jẹ́ kí ìjáde kọ̀ọ̀kan máa gùn ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí bí gbogbo rẹ̀ bá ń le sí i, á mọ̀, á sì máa ṣọ́ ọ. Pò ó pọ̀: ìṣẹ́jú-àáyá 3, 8, 2, 10, 5, kó tó wá kan 12. Láàárín wọn, jókòó bí ìṣẹ́jú kan títí orí rẹ̀ yóò fi tún wálẹ̀. Bí o bá wọlé, kí i jẹ́jẹ́, kọjá lọ. Bí ọjọ́ kan bá bàjẹ́, bóyá ẹni tó ń kó ọjà wá ló kan ilẹ̀kùn, bóyá ara rẹ̀ ni kò ya, padà sí ìdajì lọ́jọ́ kejì, má bínú. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ló ń gba àkókò jù, ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó sì lè gba oṣù. Tó bá ti lè sùn fún ogójì ìṣẹ́jú láìsí ìwọ, wàá lè máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá kún un.

Ìjáde rẹ kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. O sọ pé bí o bá ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ló ti ń gbọ̀n. Wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ ìsinmi, kí o fi dáná. Gbé kọ́kọ́rọ́, kí o lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ti tó. Bó bá di ogún ìgbà, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ rárá mọ́.

Ní ti oúnjẹ, Kong tí o rà, ohun ìṣeré rọ́bà tí à ń kó oúnjẹ sínú rẹ̀, dára, ṣùgbọ́n má gbé gbogbo iṣẹ́ lé e. Ajá tí ẹ̀rù ń bà kì í jẹun, èyí tó bá sì jẹ ẹ́, bó bá ti tán ni ẹ̀rù á dé. Fún un ní àkókò mìíràn. Bí o bá fẹ́ kó ẹ̀pà lílọ̀ inú ìgò sí i, ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: bí o bá rí xylitol tàbí birch sugar, ohun adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, má fún un. Ó ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ lójijì, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Má fún un ní ẹran inú ọbẹ̀ wa náà, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Adìyẹ bíbọ̀ lásán, láìsí iyọ̀, láìsí eegun.

Kéèjì tí ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ yá ọ, dá a padà. Ajá tí ẹ̀rù bà á dé ibẹ̀ yẹn á máa gé irin jẹ títí eyín rẹ̀ á fi kán. Bẹ́líìtì ọrùn oníná tó ń gbé ajá nígbà tó bá gbó, òfin ti fi dè é ní Wales láti 2010, kódà bí kò dè é, ìrora lórí ẹ̀rù kò mú ẹ̀rù lọ. Ajá kejì? Kò sábà ṣiṣẹ́, torí ènìyàn ló ń wá. Má sì nà án nígbà tí o bá dé. Ojú tó ń sọ sílẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Alexandra Horowitz ti Barnard College ní New York ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009: ìbáwí olówó ajá ló ń mú ojú yẹn wá, ì báà jẹ́ pé ajá náà ṣẹ̀ tàbí kò ṣẹ̀. Bó bá wá sún mọ́ ọ nínú ilé, gbá a mọ́ra. Ìtùnú kì í bí ẹ̀rù.

Bó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún pàápàá kò ṣeé ṣe, bá dókítà sọ̀rọ̀ oògùn láìtijú. Clomipramine wà fún un láti 1998, Amẹ́ríkà sì fi ọwọ́ sí fluoxetine ti ajá ní 2007. Bí ajá ṣe wúwo tó ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n, ó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó fi agbára hàn, kò sì rọ́pò ẹ̀kọ́ náà: ó kàn ń rọ ẹ̀rù sílẹ̀ kí ẹ̀kọ́ lè wọlé ni. Oúnjẹ lè má wù ú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ọ ní acepromazine nìkan, béèrè òmíràn, torí ó lè mú ara ajá rọ kí ẹ̀rù ṣì wà nínú rẹ̀. Má fún un ní oògùn ènìyàn láti inú báàgì iṣẹ́ rẹ láéláé. Paracetamol àti ibuprofen lè pa ajá. Bí o bá fẹ́ ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, béèrè Clinical Animal Behaviourist, ìyẹn onímọ̀ ìwà ẹranko, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ABTC, àjọ tó ń kọ orúkọ irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó kàn pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ ajá.

Ti aládùúgbò òkè yẹn tí ariwo Tanímọ̀la ń dà láàmú, lọ kàn sí i kó tó kàn sí káńsù, nítorí òfin 1990 lórí ìdíwọ́ àdúgbò fún káńsù lágbára lórí ariwo ajá. Sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún un, fún un ní nọ́ńbà rẹ, kí o sì ní kó máa tẹ̀ ọ́ láago ní gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ ọ. Etí rẹ̀ á wúlò fún ọ.

Fi fídíò ìdánwò ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́ sí mi kí o tó rí dókítà, kí o sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò àti ìṣẹ́jú-àáyá tí àmì àkọ́kọ́ yọjú sí i. A ó jọ ṣètò ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lórí rẹ̀. Bá mi kí gbogbo àwọn ará ìjọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùkẹ́.