Ìkéde: A Ń Lọ sí Àtàn ní Sátidé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, a ó pàdé lẹ́nu géètì itẹ́ òkú Àtàn ní Yábàá, níbi tí ọ̀rẹ́ wa sùn sí. Ẹ má dúró dè wá níbi sàréè àwọn sójà ìgbà ogun àgbáyé. Ọ̀tọ̀ ni ibi tiwa.

Lọ́dún tó kọjá, ó pẹ́ kí n tó rí ojú oórì rẹ̀. Koríko ti bò ó, òjò sì ti fọ lẹ́tà méjì kúrò lára orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú àdá àti ọ̀dà dúdú dání. Òdòdó oníke kọ́ o! Gààrí àti ẹ̀pà ni kí ẹ mú wá. A ó jọ mu ún nínú abọ́ kan lẹ́yìn géètì, bíi ti ilé ẹ̀kọ́. Akápò ń gba owó símẹ́ǹtì.

Akọ̀wé ẹgbẹ́