Délé, àwa náà ti fìdí rẹmi

Ojúẹlẹ́gbà, Surulere,
Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Kejì, 2024

Délé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa ń mí níbí, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí n kò fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí mo ṣe máa ń ṣe. Ohùn mi ló há. Ọ̀sẹ̀ kan rèé, kò tíì là. Bírò ló kù tí mo lè fi bá ọ sọ̀rọ̀.

O rántí ohun tí o sọ fún mi lóṣù kẹwàá, nígbà tí South Africa fi 12 sí 11 na àwọn All Blacks yín, ikọ̀ New Zealand, nínú àṣekágbá ife àgbáyé rọ́gbì ní Paris? O ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni eré náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Auckland, pé nígbà tó parí, ṣe ni àwọn aládùúgbò rẹ dìde, wọ́n fọ ife tíì wọn, ọ̀kan nínú wọn lọ gé koríko. Kò sẹ́ni tó pariwo. Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní irú èèyàn wo nìwọ̀nyí, tí káàdì pupa lé Sam Cane, balógun wọn, kúrò lórí pápá, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kankan rí nínú àṣekágbá ife yẹn, tí àmì ẹyọ kan ṣoṣo sì gba ife lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n wá lọ ń gé koríko? Ó dáa. Bọ́ọ̀lù ti kàn mí, Ivory Coast ti nà wá nínú àṣekágbá ife Áfíríkà, AFCON. Fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ padà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Ọjọ́rú, 7 oṣù yìí, nítorí pé ìyẹn ló tàn wá jẹ. South Africa yẹn náà la bá pàdé ní Bouaké, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, àmọ́ tiwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀. Osimhen jẹ góòlù, a yọ̀, a fò, mo gbá ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí mọ́ra, rẹfirí wá lọ wo fídíò VAR, ló bá ní góòlù kò sí, pé kàkà bẹ́ẹ̀ àwọn South Africa ló ni pẹnáritì. Délé, ìròyìn gbé e lọ́jọ́ kejì pé àwọn kan kú síbi tí wọ́n ti ń wo eré yẹn. Mo gbà á gbọ́, nítorí mo mọ bí àyà mi ṣe ń ṣe. Gólì wa, Nwabali, ló wá gba méjì nínú pẹnáritì tí wọ́n gbá sí i lẹ́yìn eré. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fẹ́ pè ọ́ láti sọ pé a ti bá ẹ̀yin ará New Zealand gbẹ̀san lára South Africa. Ọpẹ́lọpẹ́ pé káàdì ìpè mi tán.

Ohun tí mo ṣe dípò rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gba ọjà Balógun lọ, mo lọ ra aṣọ Super Eagles mẹ́rìnlélógún, mo ní màá fi èlé tà á. Mo ta mọ́kànlá kí àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Bá mi ṣírò iye tó kù.

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọjọ́ àṣekágbá, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn ilé ìyá oníṣu kún débi pé àwọn ọmọ ń wo eré láti orí ògiri. Igba náírà ni wọ́n máa ń gbà. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni, kò sì sẹ́ni tó bá wọn jà, nítorí gbogbo wa la mọ iye tí wọ́n ń ta jálá epo báyìí. Ẹni tó yà mí lẹ́nu ni Bàámi. O mọ̀ pé orúnkún wọn kò gbé wọn dáadáa mọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní dá wo irú eré yìí nínú ilé, pé tí àyà àwọn bá já, ta ni yóò gbé àwọn? Mo bá wọn wá àga onírọ̀bà síwájú. Wọ́n jókòó bí ẹni tó wá gba owó ìfẹ̀yìntì.

Troost-Ekong wa fi orí kàn án wọlé ní ìṣẹ́jú kejìdínlógójì. N kò lè ròyìn ariwo tó sọ fún ọ. Gbogbo Ojúẹlẹ́gbà fun fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàámi nìkan ni kò dìde. Wọ́n ní, “Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má padà sẹ́yìn o.” Ta ló fẹ́ sọ fún wọn?

Wọ́n padà sẹ́yìn. Ohun tí kò yé mi títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí nìyẹn. Àwọn Ivory Coast tí a ti fi ẹyọ kan nà ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀, tí Equatorial Guinea fi mẹ́rin sí òdo nà níwájú àwọn èèyàn wọn, tí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ láàárín ìdíje, òkú tí a ti kan pósí fún ni wọ́n. Òkú yẹn ló dìde. Kessié kàn án wọlé ní ìṣẹ́jú kejìlélọ́gọ́ta, Haller fi ẹsẹ̀ kan bá a wọlé ní ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gọ́rin. Haller yìí kan náà ni àìsàn jẹjẹrẹ dá dúró lọ́dún 2022. Tó bá jẹ́ pé kì í ṣe àwa ló gbá a sí, ǹ bá bá a sunkún ayọ̀.

Nígbà tí rẹfirí fun fèrè ìkẹyìn, mo rò pé wọ́n á fọ́ àga. Wọn ò fọ́ nǹkan kan. Ẹnì kan lọ pa jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tó gbé ife jáde, kò sì sẹ́ni tó ní kó tàn án padà. A jókòó sínú òkùnkùn. Nígbà yẹn ni mo rántí aládùúgbò rẹ tó lọ gé koríko.

Délé, mo ti rò ó láti ìgbà náà, mo sì rò pé mo ti mọ ohun tó mú wa dákẹ́. O rántí àṣekágbá ọdún 2000, àwa àti Cameroon, níbí ní Surulere? Ọdún mẹ́rìnlélógún ku ọjọ́ méjì. Ọmọ ọdún méjìlá ni wá, a ò ní tíkẹ́ẹ̀tì, a dúró sídìí ògiri lẹ́bàá bọ́sítọ́ọ̀pù Stadium, à ń fi etí wo bọ́ọ̀lù. A mọ̀ nígbà tí Eto'o àti Mboma jẹ tiwọn, nítorí gbogbo pápá dákẹ́. A mọ̀ nígbà tí Chukwu dá ọ̀kan padà, tí Okocha dá èkejì, nítorí ògiri yẹn mì. Ní ti pẹnáritì, o rántí ariwo kan tó bẹ̀rẹ̀ tí kò parí? Ti Ikpeba nìyẹn. Bọ́ọ̀lù gbá irin òkè, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà, rẹfirí ní kò wọlé. Inú pápá ni Bàámi wà ní tiwọn. Wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ náà, níbi ìsọmọlórúkọ, níbi òkú, ní báńkì. “Bọ́ọ̀lù yẹn wọlé.” Gbólóhùn yẹn ti sin wọ́n dàgbà.

Lọ́tẹ̀ yìí, kí la fẹ́ sọ? Kò sí bọ́ọ̀lù Ikpeba. Kò sí rẹfirí tó jí wa lólè. Wọ́n gbá a jù wá lọ ni. Ẹ̀yin ṣì ní káàdì pupa tí ẹ lè máa bá ara yín jiyàn lé lórí. Àwa ò rí ibi gbé ẹ̀hónú kọ́.

Bóyá nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé e kọ́ ọrùn Iwobi, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa. Wọ́n bú ọmọ yẹn títí tó fi pa àwọn àwòrán rẹ̀ rẹ́ lórí Instagram, Ahmed Musa, balógun Super Eagles, sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn èèyàn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo wà lára wọn. Ohùn mi tó há yìí, èébú Iwobi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bàámi dì mí lápá mú lọ́nà ilé, wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé ọmọ arábìnrin Okocha ni? Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé nígbà náà. Ojú tì mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ààrẹ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lóyè, ó fi ilé àti ilẹ̀ l'Ábújá lé e. Mẹkáníìkì wa ní òun náà ṣe ipò kejì ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé kí wọ́n fún òun ní púlọ́ọ̀tì kan péré. Àwọn ọmọ àdúgbò ti gba orúkọ mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú, wọ́n ní kí n má jẹ́ Ṣẹ́gun mọ́ títí di ìdíje mìíràn.

Aṣọ kan ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ tó bá ń padà bọ̀. Má bi mí léèló ni. Ó tóbi díẹ̀, ìyẹn ló kù. Bàámi ti fi ọ̀kan lọ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, wọ́n wọ̀ ọ́ sábẹ́ agbádá.

Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn aládùúgbò rẹ ti gbàgbé káàdì pupa yẹn. Mo ní oṣù mẹ́rin péré ni. Wọ́n ní kí o sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbàgbé rárá, pé yóò wúlò fún wọn.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣẹ́gun