Kámẹ́rà ní Erékùṣù Galápagos

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn.

Ẹ bá wa sọ fáwọn ayàwòrán Ìbàdàn tó ń múra Galápagos, àwọn erékùṣù orílẹ̀-èdè Ecuador, pé owó ìwọlé ọgbà ìdáàbòbò ẹranko ibẹ̀ ti di 200 dọ́là fún àgbàlagbà àlejò láti oṣù kẹjọ 2024. (Owó ọkọ̀ òfuurufú ò sí níbẹ̀ o!) Ẹni tó níwèé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ mú wọn rìn, kí wọ́n fi mítà 2 jìnnà sẹ́ranko, fíláàṣì sì léèwọ̀.

Aláǹgbá òkun ló ń dààmú kámẹ́rà jù. Dúdú ni, orí òkúta dúdú tí òkè oníná pọ̀ ló sì ti ń yáàrùn. Kámẹ́rà á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á gba ìmọ́lẹ̀ jù, aláǹgbá á wá rí bí eérú. Ẹ yí àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà (exposure compensation) sí -1 kí ìmọ́lẹ̀ lè dín kù. Aláǹgbá yìí tún máa ń fọ́n iyọ̀ nímú, nítorí náà aṣọ ìnulẹ́ńsì ò gbọdọ̀ jìnnà.

Àwa ayàwòrán kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.