Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Lórí Ẹ̀rí Ìwà Tí Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Ní Kó Bá Òun Kọ

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo ka ohun tí o kọ ránṣẹ́. O ní ọ̀rẹ́ rẹ, èyí tí ẹ jọ gbé ilé kan náà nígbà tí ẹ wà nílé ẹ̀kọ́, ń wá àyè nínú ilé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n ní kó mú lẹ́tà ẹ̀rí ìwà wá, ìwọ ló sì sá tọ̀. O kọ ọ́ pé "èèyàn dáadáa ni, ó máa ń ṣiṣẹ́ kára, ó bẹ̀rù Ọlọ́run", ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ. Kò yà mí lẹ́nu. Ta ni wọn ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀? Mo ti bá wọn jókòó rí nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ẹni tó máa wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti ka ìlà méjì nínú irú lẹ́tà yẹn, èyí tó kàn la máa ń mú.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Nínú ọ̀pọ̀ irú ilé yìí, pàápàá ní New York, kì í ṣe fúláàtì gan-an ni èèyàn ń rà. Ẹgbẹ́ ló ni ilé látòkèdélẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọlé á ra ìpín nínú ẹgbẹ́, ìpín náà ló máa jẹ́ kí wọ́n fún un ní ìwé àdéhùn láti máa gbé inú fúláàtì kan. Owó tí gbogbo wọn ń dá lóṣooṣù ni wọ́n fi ń san gbèsè tó wà lọ́rùn ilé, owó orí ilé, àtúnṣe òrùlé àti iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹnì kan ò bá san tirẹ̀, àwọn tó kù ló máa fi owó ara wọn dí àlàfo náà. Ìwé báńkì àti ìwé owó orí á sọ fún ìgbìmọ̀ bóyá owó wà lọ́wọ́ ẹni náà. Kò lè sọ bóyá á máa san án lásìkò, bóyá á máa wá sípàdé, tàbí ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ tí ìbò bá lòdì sí ohun tó fẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè bá a pín ògiri, kí wọ́n sì bá a pín owó. Ìyẹn ni kí lẹ́tà rẹ dáhùn.

Àwọn kan máa ń ní ìgbéraga ló ń ṣe irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe àwọn mìíràn nínú wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí wọ́n tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1844, ni pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá gbà láti ru ẹrù ọmọ ẹgbẹ́. Ẹrù yẹn ni wọ́n ń bi ọ́ léèrè, pé ṣé ọ̀rẹ́ rẹ lè rù ú.

Ìròyìn ò sì tó àfojúbà. Ìwọ bá a gbélé. Ṣé o rántí ohun tí o máa ń sọ fún mi lórí fóònù nígbà yẹn? O ní òun ló ń gba owó iná lọ́wọ́ gbogbo yín, tó sì ń lẹ rìsíìtì mọ́ ara ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ò mọ iye tó jẹ́. Kọ ìyẹn. O tún sọ ti omi tó jò láti balùwẹ̀ yín sórí àjà àwọn tó wà nísàlẹ̀, pé òun ló sọ̀kalẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn wọn kó tó di pé wọ́n gòkè wá, tó sì dúró tì wọ́n títí tí púlọ́ńbà fi dé. Ọmọ ìgbìmọ̀ tó bá ka èyí á dákẹ́ díẹ̀, nítorí pé omi ti jò sórí àjà tirẹ̀ náà rí. Bí ẹ bá jà, sọ bí ẹ ṣe parí ìjà, bó bá jẹ́ pé ó parí dáadáa. Ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí máa ń kọ mí lóminú díẹ̀.

Má kọ ju méjì irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, ojú ewé kan sì ti tó.

Yọ "ó bẹ̀rù Ọlọ́run" kúrò. Má bínú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyìn ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin ilé gbígbé ti ọdún 1968 kò gbà kí wọ́n fi ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá dù ú nílé. Wọ́n fi jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin kún un lọ́dún 1974, wọ́n tún fi àìpé ara àti níní ọmọ wẹ́wẹ́ nílé kún un lọ́dún 1988. Ohun tí ìgbìmọ̀ ò gbọdọ̀ fi ṣèdájọ́, má fi lé wọn lọ́wọ́. Má sọ ìlú baba rẹ̀, má sọ pé ó ń retí ọmọ, má sọ àìsàn tó ṣe é lọ́dún tó kọjá.

Ìyìn mìíràn wà tó máa ń pa ẹni tí wọ́n ń yìn lára. "Ó fẹ́ràn àlejò", o ti gbọ́ ohun tó dára, àwọn á gbọ́ ariwo ẹsẹ̀ lóru. Ajá rẹ̀, fèrè tó ń kọ́, ìrìn àjò tí kò jẹ́ kó gbélé, gbogbo ìyẹn kò kàn ọ́ láti sọ. Má sì sọ pé ó gbọ́n, pé ó máa fi fúláàtì náà háyà bó bá yá: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ fi ilé háyà fún àjèjì. Ní ti owó, o ò rí àkáùǹtì rẹ̀, má sọ pé ó rí jájẹ. Ohun tí o rí ni pé kò jẹ ọ́ ní kọ́bọ̀ nígbà tí ẹ jọ ń dáwó. Fi mọ níbẹ̀.

O ní ọ̀rẹ́ rẹ ti fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ọ, pé kí o kàn buwọ́ lù ú. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kà á, mú ohun tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Lẹ́tà bíi mélòó kan ló máa wà nínú fáìlì náà, bí gbogbo wọn bá ń sọ̀rọ̀ bákan náà, ẹni tó ń kà á á ti mọ̀ pé ẹnì kan ló kọ ọ́. Ohun tí o máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù, nọ́ńbà fúláàtì náà, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ, àti ẹni tí o máa fi ránṣẹ́ sí, bóyá òun fúnra rẹ̀ ni tàbí éjẹ́ǹtì rẹ̀. Ìyókù ò le: déètì, ìkíni sí ìgbìmọ̀, bí ẹ ṣe mọra àti ọdún tó ti tó, pé ẹ kì í ṣe ẹbí, orúkọ rẹ, nọ́ńbà fóònù rẹ, ìbuwọ́lùwé. Má pe ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́, dá wọn lóhùn.

Bó bá jẹ́ pé ohun kan wà tí o mọ̀ nípa rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀, ohun ńlá ni mo ń sọ o, kì í ṣe abọ́ tí kò fọ̀, sọ fún un kíákíá pé kó wá ẹlòmíì. Ó sàn kó bínú sí ọ lónìí ju kí o buwọ́ lu irọ́. Bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí o ti kọ òótọ́, má wádìí bóyá lẹ́tà tìrẹ ló fà á. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ kì í sọ ìdí.

Fi ránṣẹ́ sí mi kí n kà á kí o tó buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n má retí pé màá tún un kọ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní o ò pe òun láti ọjọ́ yìí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ