Lẹ́tà sí Dàpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù yẹn

Sùúrùlérè, Èkó.

Dàpọ̀, ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Jámánì? Mọ́mì rẹ kí ọ o. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé o kì í pe àwọn mọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Kẹ́hìndé ti gbé láptọ́ọ̀pù ThinkPad T60 yẹn wá fún mi. Mo ka ohun tí o kọ, pé kí n bá ọ fi kún iyára pírósẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, kí ọmọ náà lè rí nǹkan fi kọ project. Mi ò ṣe é, mi ò sì ní ṣe é. Gbọ́ ìdí rẹ̀ ná kí o tó pè mí ní ojo.

Pírósẹ́sọ̀ Core 2 Duo T7200 ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Intel gbé jáde lọ́dún 2006. Iyára 2.0 GHz tí o ń rí yẹn, aago kan ló wà lórí bọ́ọ̀dù tó ń lu 166 MHz, tí pírósẹ́sọ̀ wá ń sọ di púpọ̀ lọ́nà 12, tó fi di bíi 2000 MHz, ìyẹn 2.0 GHz. Intel ti ti 12 yẹn pa: ó ṣeé dín kù, kò ṣeé fi kún. Aago nìkan ló kù, BIOS T60, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, ò sì jẹ́ kéèyàn dé ìdí rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ètò kékeré kan tó ń jẹ́ SetFSB ṣe é láti inú Windows, àmọ́ bí aago yẹn bá ti gòkè, RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, náà á bá a sáré, bóyá ó lágbára ẹ̀ tàbí kò ní. Kó o tó mọ̀, ẹ̀rọ ti gan. Ká tiẹ̀ ní ó gbà, tí a gbé aago dé 180, 2.16 GHz la máa rí. Ṣé torí ìyẹn la ṣe máa jó bọ́ọ̀dù?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Kí n tó tú u, mo fi nǹkan wo ooru rẹ̀. Fídíò kan péré ni mo ṣí ní Firefox, ooru pírósẹ́sọ̀ ti ń sún mọ́ 100°C. Bó bá ti dé ibẹ̀, fúnra rẹ̀ ló máa ń rọra lọ kó má baà jóná: á kúrò lórí 12, á bọ́ sí 6. Ìyẹn 1.0 GHz. Dàpọ̀, ìwọ ń wá 2.16 kiri, ìdajì 2.0 lọmọ yìí ń rí lò!

Eruku ló fà á. Èyí tó wà lẹ́nu fáànù ti di tìmùtìmù, thermal paste, ìyẹn ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò lára pírósẹ́sọ̀, ti gbẹ kanrin, Kẹ́hìndé sì tún máa ń gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbá gbogbo rẹ̀ mọ́, mo nu paste àtijọ́ kúrò, mo fi tuntun sí i. Ó ń dúró lórí 2.0 báyìí, bí oòrùn Èkó tiẹ̀ ń ta.

Ní Computer Village, ẹnjiníà kan ní Òtìgbà fẹ́ kí n ra pírósẹ́sọ̀ T7600 tí òun yọ lára tòkunbọ̀ tó ti kú. Irọ́ kọ́ ló ń pa, ó máa wọ̀ ọ́: ọ̀nà 14 ni tiẹ̀ fi ń sọ aago di púpọ̀, 2.33 GHz nìyẹn. Àmọ́ owó tí o fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti ìran wíwò. SSD, dísìkì ìgbàlódé tó yára, ni mo fi rà, torí dísìkì àtijọ́ yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí gbogbo nǹkan máa wọ́. Mo fi RAM 2 GB kún 1 GB tó wà níbẹ̀. Ẹnjiníà ní kí n sọ ọ́ di 4, mo ní rárá, bọ́ọ̀dù yẹn ò lè lò ju bíi 3 lọ.

Mo yọ Windows 10 náà kúrò, Microsoft ṣáà ti pa á tì láti oṣù kẹwàá 2025. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Windows, ló wà níbẹ̀ báyìí. Kẹ́hìndé ń kùn pé ojú òun ò mọ́ ọn. Á mọ́ ọn.

Bátìrì ló kù. Kò gbé iná ju bí ẹní ṣẹ́jú lọ, èyí tí mo sì rí ní Ìkẹjà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí o bá rí tuntun tó dáa níbẹ̀, tí ẹnìkan sì ń bọ̀ wálé, kó fi sínú báàgì ọwọ́, kó má fi sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú o. Kó o sì pe Mọ́mì.

Èmi ni,
Wálé